Ṣé ọkùnrin tó bá ka ara rẹ̀ sí arẹwà ni ìfẹ́ fáàjì máa ń wù jù?

Gbénga Agbowó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi àti ẹni tí a jọ ń gbé yàrá fa ọ̀rọ̀ kan títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, ẹnì kankan ò gbà fún ẹnì kejì. Mo ní kí n gbé e wá síbí, kí ẹ bá wa dá sí i.

Òun ní ọkùnrin tó bá ti lẹ́wà, kiri ni yóò máa kiri, torí àwọn obìnrin ò ní jẹ́ kó sinmi. Èmi ní kì í ṣe ẹwà, ohun tó rò nípa ojú ara rẹ̀ ni. Ọkùnrin kan lè má wuni rárá, kó jí lówùúrọ̀, kó wo dígí, kó sì gbà pé kò sí irú òun ní gbogbo Agbowó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ fìdí kalẹ̀ sọ́dọ̀ ẹnì kan. Òmíràn wà tó dára gan-an, àmọ́ adìẹ funfun ni, kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Obìnrin àkọ́kọ́ tó bá dá a lóhùn ló máa dì mú.

Ohun tó kì mí láyà ni pé mo ti ka nǹkan díẹ̀ nípa rẹ̀. Simpson àti Gangestad, ará Amẹ́ríkà, ló gbé òṣùwọ̀n kan jáde lọ́dún 1991 láti mọ bó ṣe rọ èèyàn lọ́rùn tó láti bá ẹni tí kò bá ṣe àdéhùn kankan lò pọ̀. Ní 2008, Penke àti Asendorpf ní Jámánì tún un ṣe. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni tiwọn: mẹ́ta lórí ohun tí èèyàn ti ṣe, mẹ́ta lórí ohun tó gbà pé ó dára tàbí kò dára, mẹ́ta lórí ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Àwọn tó ń lo irú òṣùwọ̀n báyìí ti rí i pé ọkùnrin tó bá fún ẹwà ara rẹ̀ ní máàkì gíga sábà máa ń gba máàkì tó ga díẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìfẹ́ fáàjì lèmi ń pè é: ẹ pàdé, ẹ gbádùn ara yín, oníkálùkù gba ilé rẹ̀ lọ, kò sí pé ta ni màmá ẹ.

Ìbéèrè mi ni pé èwo ló ń fa èkejì? Ṣé ìgbà tó gbà pé òun dára ni fáàjì bẹ̀rẹ̀ sí í wù ú, àbí fáàjì tó ti bọ́ sí i lọ́wọ́ ló jẹ́ kó gbà pé òun dára?

Ọmọ Mápó

Ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá yẹn, ṣé ó dára lójú? Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ìyẹn ná.

Gbénga Agbowó

Ọmọ Mápó, ó ti ń ka ohun tí mo ń kọ. Mo ṣì fẹ́ sùn nílé lónìí.

Gbàjámọ̀ Sángo

Iṣẹ́ mi lẹ bá dé yìí. Irun ni mò ń gẹ̀ ní Sángo, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí.

Ọmọkùnrin kan máa wọlé, á ti fa fìlà bo iwájú orí. Á jókòó, kò ní wo dígí. Fóònù ló máa tẹjú mọ́, á ní, "Bọ̀dá, ẹ ṣáà bá mi gé e." Màá gẹ̀ ẹ́, màá fa ìlà iwájú orí tó gún régé, màá fi abẹ tọ́ irùngbọ̀n sọ́nà, màá gbọn irun kúrò lọ́rùn ẹ̀, màá wá lé páúdà sí i. Bí mo bá ti gbé dígí kékeré sẹ́yìn orí ẹ̀ kó lè rí ìpàkọ́, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Á yí orí sọ́tùn-ún, á yí i sósì, á fọwọ́ pa irùngbọ̀n, á tún padà sọ́tùn-ún. Á ya fọ́tò. Kó tó sanwó, á ti pe ẹnì kan.

Ta ni ẹ rò pé ó ń pè? Kì í ṣe ẹni tó máa ń bá a wá síbí tó ń jókòó dè é. Ohùn á ti rẹlẹ̀: "Níbo lo wà? Ṣé mo lè yà báyìí?" Orí kan náà ló gbé wọlé o, ìrísí ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ó ti gbà pé ẹni tí òun bá pè, yóò dáhùn.

Lójú tèmi, Gbénga ló jàre.

Ọmọ Mápó

Bọ̀dá, tí ìyàwó mi bá ka èyí, ilé lẹ ti máa máa wá gẹrun mi.

Saikọ́ UI

Ẹ̀gbọ́n Gbàjámọ̀, ẹ káre. Saikọ́lọ́jì ni mo kà ní Yunifásítì Ìbàdàn, inú mi sì dùn sí ohun tí ẹ kọ yìí, torí àwọn kan ti fi ìdánwò wá irú ẹ̀ rí. Surbey àti Brice ni, lọ́dún 2007. Wọ́n dọ́gbọ́n mú kí àwọn tó wá ṣe ìdánwò túbọ̀ gbà pé ẹni tí èèyàn ń fẹ́ ni àwọn, wọ́n wá bi wọ́n léèrè irú ìbáṣepọ̀ tó wù wọ́n. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti gbé níyì lójú ara wọn báyìí, ọkàn wọn yí sí fáàjì. Ti àwọn obìnrin kò yí bẹ́ẹ̀. Ojú ẹnì kankan ò yí padà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìdánwò náà o. Èrò nìkan ló yí.

Gbénga, má tíì jó. Nínú irú iṣẹ́ báyìí, ìsopọ̀ náà kì í sábà lágbára. Ká ní ó jẹ́ 0.2, lórí òṣùwọ̀n tí 0 túmọ̀ sí pé kò sí ìsopọ̀ rárá, tí 1 sì túmọ̀ sí pé nǹkan méjèèjì ń rìn pọ̀ pátápátá. Bí a bá ṣe ìṣirò ẹ̀, ìdá mẹ́rin péré nínú ọgọ́rùn-ún lára ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkùnrin kan àti òmíràn ni èrò nípa ẹwà lè ṣàlàyé. Ìdá mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún yòókù wà níbòmíì: nínú ìwà, ẹ̀sìn, ọjọ́ orí, ẹni tí a ń bá rìn, bóyá a ti gbéyàwó àbí a ò tíì gbé e. Nítorí náà, ẹ má wo ọkùnrin kan tó ń wo dígí ní Dùgbẹ̀ kí ẹ wá dá a lẹ́jọ́.

Apá ibi tí Gbénga ti ní ẹ̀rí jù ni pé ẹwà àti èrò nípa ẹwà kì í rìn pọ̀ dáadáa. Feingold kó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìwádìí jọ lọ́dún 1992, ó fi máàkì tí èèyàn fún ara rẹ̀ wé èyí tí àwọn ẹlòmíì fún un. Ìsopọ̀ náà kò tó 0.3. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni lóòótọ́. Epley àti Whitchurch náà ṣe nǹkan kan ní 2008 tó pa mí lẹ́rìn-ín: wọ́n ya fọ́tò èèyàn, wọ́n fi kọ̀ǹpútà po ojú rẹ̀ mọ́ ojú arẹwà kan díẹ̀díẹ̀, wọ́n tún po òmíràn mọ́ ojú tí kò dára, wọ́n wá ní kó mú èyí tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Èyí tí wọ́n ti bu ẹwà sí ni wọ́n sábà ń mú. Wọn ò parọ́. Wọ́n gbà tọkàntọkàn pé bí àwọn ṣe rí nìyẹn.

Ìyá Aláṣọ Òjé

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín. Ọmọ mi obìnrin ló fi ọ̀rọ̀ yín hàn mí, mo ní kó gba fóònù kó bá mi tẹ̀ ẹ́.

Aṣọ òkè ni mò ń tà l'Óòjé. Ẹ̀yin ọkùnrin lẹ máa ń da wá láàmú jù lórí àwọ̀. Ìyàwó á wá, á mú sányán tàbí àlàárì, á ní, "Mọ̀mí, èyí ti dáa," á sanwó, á lọ. Ọkọ ló máa dé fìlà, á gẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, á gẹ̀ ẹ́ sósì, á bi ọ̀rẹ́ ẹ̀, á bi èmi, á bi ọmọ tó ń bá mi ká aṣọ. Tí gbogbo wa bá ti ní ó yẹ ẹ́, á tún lọ wo dígí aládùúgbò mi wò bóyá tèmi ló ń parọ́.

Ta ló kọ́kọ́ sọ fún wọn pé wọ́n dára? Àwa ìyá náà ni. Ọmọ ò tíì fọnu lówùúrọ̀, a ti ń kì í ní Àkànní ọkọ mi, adúmáadán, olówó orí mi. Ó máa dàgbà, á rò pé bí gbogbo obìnrin ayé ṣe máa kí òun nìyẹn.

Ẹ tún fi owó kún un. Ọkùnrin tó ń wa takisí Máíkírà ní Ìwó Road, kò sẹ́ni tó ń yẹ́ ẹ sí. Jẹ́ kó ra ọkọ̀ tara ẹ̀, tó mọ́lẹ̀ dáadáa, láàárín oṣù kan á ní òun ò mọ̀ pé eyín òun funfun tó báyìí. Ẹwà kọ́ nìyẹn, owó ni. Ẹ má pè é lẹ́wà fún mi.

Gbénga Agbowó

Mọ̀mí, ẹ ṣeun gan-an, ẹ sì bá mi kí àǹtí tó ń bá yín tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ owó yẹn jọ pé ó gbè mí, kò gbe ẹni tí a jọ ń gbé. Ojú ọkùnrin náà ò yí padà, iye tó ka ara rẹ̀ sí ló yí.

Saikọ́ UI

Mọ̀mí, mo gbà fún yín. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, ohun tí wọ́n ń bi ọkùnrin kì í ṣe ojú nìkan. Wọ́n máa ń bi í pé, "Bí o bá fẹ́ ẹnì kan, ṣé ó máa ń fẹ́ ọ?" Owó, ẹnu dídùn, ipò, gíga, gbogbo ẹ̀ ló ń wọnú ẹ̀. Ẹwà kàn jẹ́ ọ̀nà tó rọrùn láti fi béèrè ni.

Ó sì ní àlàyé kan tí àwọn onímọ̀ máa ń tọ́ka sí, ti Trivers lọ́dún 1972. Ní kúkúrú, ọkùnrin tó bá bí ọmọ lè má ná ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, obìnrin ni yóò gbé oyún oṣù mẹ́sàn-án tí yóò sì fún ọmọ lọ́mú. Nítorí èyí, fáàjì kò ná ọkùnrin ní ohun tó ń ná obìnrin. Ṣùgbọ́n kí ọkùnrin tó rí fáàjì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbà fún un, ẹni tí wọ́n sì ń gbà fún jù ni fáàjì lè ṣeé ṣe fún. Èyí tó bá mọ̀ pé wọn ò ní gba òun, ó sàn fún un kó rọ̀ mọ́ ẹnì kan, kó tọ́jú ẹ̀. Bí ẹ bá wò ó báyìí, ọgbọ́n ìṣirò ló wà nínú èrò ọkùnrin nípa ara rẹ̀: "Kí ni àǹfààní mi?"

Àlàyé ni o. Kò túmọ̀ sí pé ọkùnrin ń jókòó ṣírò ẹ̀.

Dúdúyẹmí

Ẹ̀yin ọkùnrin ti ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ bí ẹni pé kò sí ẹni tí ẹ ń dẹnu kọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n ń dẹnu kọ náà sọ̀rọ̀.

Ẹ lọ sí Agodi Gardens lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọkùnrin kan máa gbé aṣọ mẹ́ta sínú ọ̀rá, á háyà onífọ́tò. Ó máa wọ èkínní, á fi ẹ̀yìn ti igi, á kọjú sí oòrùn, ó máa fa ikùn wọ inú títí onífọ́tò á fi ní "ó ti tó." Ó máa yọ́ lọ sí ẹ̀yìn òdòdó, á pààrọ̀ sí èkejì. Lálẹ́, á ti mú èyí tó dára jù, á gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp. Láti ìgbà yẹn ló ti ń ṣọ́ àwọn tó ń wò ó. Ẹni tó bá fi àmì iná fèsì, àtẹ̀jíṣẹ́ dé bá a: "Ṣé o ti jẹun?" Ó ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì ti gba "Ṣé o ti jẹun" kan náà lálẹ́ ọjọ́ kan, láàárín wákàtí kan.

Torí náà, Gbénga, ìbéèrè rẹ pé èwo ló ṣáájú ò lè ní ìdáhùn kan. Fọ́tò mú àmì iná wá, àmì iná mú ìgbójú wá, ìgbójú mú àtẹ̀jíṣẹ́ wá, ẹni tó bá sì dáhùn àtẹ̀jíṣẹ́, ó ti dá òwò tuntun sílẹ̀ fún un láti lọ ya fọ́tò mìíràn. Bó ṣe ń yí nìyẹn.

Mo sì fẹ́ kí Saikọ́ dá mi lóhùn. Ìgbà wo ni wọ́n máa bi àwa náà? Ṣé obìnrin tó bá gbà pé òun lẹ́wà, fáàjì kì í wù ú?

Saikọ́ UI

Wọ́n ti bi yín. Clark kan ṣe ìwádìí tirẹ̀ lórí àwọn obìnrin lọ́dún 2004, ó sì rí i pé àwọn tó ka ara wọn sí arẹwà jù náà ló gba máàkì gíga jù lórí òṣùwọ̀n tí Gbénga sọ. Nítorí náà, kò kan ọkùnrin nìkan. Ibi tí ó ti le ni pé ohun tí Surbey àti Brice rí nígbà tí wọ́n gbé àwọn èèyàn níyì, ọ̀dọ̀ ọkùnrin ló ti hàn.

Ọmọ Mápó

Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ti ìdánwò tí wọ́n ní ọmọbìnrin kan ń tọ ọkùnrin lọ nínú ọgbà yunifásítì, tó ń sọ fún un pé kó wá bá òun sùn? Ẹnì kan sọ fún mi, mo ní irọ́ ni.

Saikọ́ UI

Kì í ṣe irọ́. Clark mìíràn nìyẹn, òun àti Hatfield, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 1989. Ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Florida ni wọ́n ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, 1978 àti 1982. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ló máa tọ ẹni tí wọn ò mọ̀ rí lọ, ọmọbìnrin sí ọkùnrin, ọmọkùnrin sí obìnrin, wọ́n máa ní àwọn ti ń rí i nínú ọgbà, ó wu àwọn gan-an, wọ́n á wá béèrè ọ̀kan nínú mẹ́ta: ká jọ jáde lálẹ́ yìí, kó wá sí ilé mi, tàbí ká jọ sùn. Ní 1978, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọkùnrin tí wọ́n bi ní ẹ̀kẹta ló gbà. Ní 1982, ìdá 69. Lára àwọn obìnrin, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó gbà, ní ọdún méjèèjì.

Ẹ rántí pé iye náà kò pọ̀. Ọkùnrin 48 àti obìnrin 48 ni lọ́dún 1978, wọ́n pín wọn sí mẹ́ta, nítorí náà èèyàn 16 péré ni wọ́n bi ní ìbéèrè kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ: "O wù mí gan-an." Kí wọ́n tó béèrè ohunkóhun, wọ́n ti gbé ọkùnrin náà níyì. Ó ní ibi tó fi bá ti ẹ̀gbọ́n Gbàjámọ̀ mu.

Dúdúyẹmí

Ó bá a mu fún ọkùnrin. Fún obìnrin, "o wù mí gan-an" láti ẹnu àjèjì kò gbé ni níyì, ẹ̀rù ló ń bani. Èmi tí mo wà nídìí òpó iná kan ní Bódìjà, tí àjèjì sọ irú ẹ̀ fún mi, ibi tí màá gbé bàtà sá gbà ni mo máa kọ́kọ́ wò.

Conley ṣe iṣẹ́ kan ní 2011 tó dá èyí lóhùn. Ó ní kí àwọn obìnrin fojú inú wò ó pé ẹni tó ń béèrè jẹ́ olókìkí arẹwà kan tí wọ́n mọ̀, tàbí ọ̀rẹ́ tí wọ́n gbọ́kàn lé. Ìyàtọ̀ láàárín ọkùnrin àti obìnrin wá dín kù gan-an. Lójú tèmi, ohun tó ń da obìnrin láàmú ni bóyá ẹni náà máa ṣe é léṣe, àti bóyá yóò tiẹ̀ gbádùn ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé ẹ lẹ́wà, ẹ kì í bi ara yín ní èyí.

Nọ́ọ̀sì Yemẹtù

Mo kí yín, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí n tó padà sí iṣẹ́ alẹ́.

Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa fún àyẹ̀wò, púpọ̀ nínú wọn ló máa sọ pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹni tí mo bá lò, ó mọ́, ó dára, kò lè ní nǹkan kan." Ojú ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àrùn inú ẹ̀jẹ̀ kì í hàn lójú. Mẹ́dọ̀wú irú B, ẹni tó ní i lè máa dán fún ọ̀pọ̀ ọdún. HIV náà bẹ́ẹ̀. Kilamídíà kì í sábà fi àmì hàn, pàápàá lára obìnrin.

Ìwádìí kan tí Eleftheriou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2016 bá ohun tí mò ń rí mu. Ọkùnrin 51 ni wọ́n fi fọ́tò obìnrin 20 hàn. Bí obìnrin náà bá ṣe lẹ́wà tó lójú wọn, bẹ́ẹ̀ ni èrò láti lo rọ́bà ń dín kù. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà tara ẹni tí ẹ ń sọ, ẹwà ẹnì kejì ni, ṣùgbọ́n ìran kan náà ni wọ́n. Ẹni tó bá gbà pé òun dára, tó rí ẹni tó dára, ó rò pé ojú méjèèjì ti tó fún àyẹ̀wò. Ẹ lo rọ́bà, ẹ gba abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú. Ó tán lẹ́nu mi.

Bàbá Kékeré Mọ́níyà

Ẹ má bínú o, mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí máa dà bí ẹni ń yin ara rẹ̀.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé mo dára. Àwọn àǹtí mi á fà mí létí, á fà mí lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n á ní obìnrin máa kú sórí mi. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò sì sẹ́ ẹ. Tí ẹ bá ní kí n fún ara mi ní máàkì, mi ò ní fún ara mi ní ogójì. Síbẹ̀ fáàjì ò wù mí rí. Ìyàwó mi ni mo fẹ́ nígbà tí mi ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n, mi ò sì wo ẹ̀yìn. Kì í ṣe pé mo jẹ́ ẹni mímọ́. Ó kàn ń sú mi ni. Ẹni tó bá ti ń gbọ́ "o dára" láti kékeré, kò ní máa wá ẹni tó máa sọ ọ́ fún un kiri.

Ẹ wo àwọn tó ń sá kiri láàárín ọ̀rẹ́ mi. Àwọn tí ẹnì kankan ò wò nígbà tí a wà ní sẹ́kọ́ńdírì ni. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ara wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́, tí àwọn obìnrin sì ń kí wọn. Ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ló ń dùn mọ́ wọn. Èrò mi ni pé kì í ṣe bí ọkùnrin ṣe ka ara rẹ̀ sí ló ń ṣiṣẹ́, ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ara rẹ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni.

Saikọ́ UI

Bàbá Kékeré, ọ̀rọ̀ yín le o. Ti Surbey àti Brice náà, ìgbà tí iye ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè lójú ara rẹ̀ ni wọ́n bi í, wọn ò dúró wo bó ṣe rí lẹ́yìn ọdún kan. Leary náà, lọ́dún 1995, sọ pé bí a ṣe ka ara wa sí dà bí ohun tó ń fi ìwọ̀n epo hàn nínú ọkọ̀: ohun tó ń kà ni bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń gbà wá tàbí bí wọ́n ṣe ń kọ̀ wá. Bí abẹ́rẹ́ ẹ̀ bá ti wà lókè tipẹ́, ẹni náà lè má kíyè sí i mọ́. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ló máa ń fẹ́ rìn jìnnà.

Ẹ sì tún wo àwùjọ àti ìwà. Schmitt bi èèyàn 14,059 ní orílẹ̀-èdè 48, ó gbé e jáde ní 2005. Ọkùnrin ju obìnrin lọ lórí òṣùwọ̀n náà níbi gbogbo. Àmọ́ ìyàtọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè tún tóbi: Finland ló ga jù, Taiwan ló rẹlẹ̀ jù. Ibi tí obìnrin bá ti pọ̀ ju ọkùnrin lọ, máàkì náà máa ń ga. Ẹwà ò lè ṣàlàyé ìyẹn, àbí àwọn ará Taiwan ò ní dígí ni? Ẹni tó fẹ́ràn àwùjọ, tó ń bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀, òun náà ló sábà ń ga lórí òṣùwọ̀n fáàjì, irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń fún ara rẹ̀ ní máàkì ẹwà. Nítorí náà, ó lè jẹ́ pé ẹwà àti fáàjì ò fa ara wọn rárá, ìwà kan ló bí àwọn méjèèjì.

Gbénga Agbowó

Saikọ́, ìwà lè bí méjèèjì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwà ò gẹrun, kò sì ra ọkọ̀. Ọkùnrin tó wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n Gbàjámọ̀ àti èyí tó jáde, ìwà kan náà ni wọ́n ní, ẹni tí wọ́n pè ló yàtọ̀. Èmi ò tíì kúrò lójú ibi tí mo wà: ìdáhùn tí ọkùnrin ń retí lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ló ń darí ibi tí ọkàn rẹ̀ ń lọ, ojú rẹ̀ kàn jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó ń fi ṣírò ìdáhùn náà. Àtúnṣe Bàbá Kékeré ni màá fi kún un, pé ìgbà tí ìṣirò náà yí padà ló ń lágbára jù.

Ẹni tí a jọ ń gbé ní òun ò gbà. Ó ní kí n lọ wá ẹ̀rí ní Ìbàdàn, kì í ṣe ní Florida.

Saikọ́ UI

Ó rọrùn láti wá. Ẹ̀gbọ́n Gbàjámọ̀, tí àwọn oníbàárà yín bá gbà láti dá sí i, ẹ lè fún wọn ní ìwé kékeré kan kí ẹ tó gẹ̀ wọ́n, òmíràn lẹ́yìn tí ẹ bá gẹ̀ wọ́n tán. Ìbéèrè méjì péré: máàkì ẹwà, àti bí fáàjì ṣe wù wọ́n lónìí. Wọn ò ní kọ orúkọ. Ẹ fi nọ́ńbà so ìwé méjèèjì pọ̀. Kí ìdajì wọn sì kọ ìwé kejì kí wọ́n tó wo dígí, kí a lè mọ̀ bóyá ìjókòó lásán ló fà á.

Ìyá Aláṣọ Òjé

Àwọn ọkọ ìyàwó wà lọ́dọ̀ mi níbí o, tí ẹ bá fẹ́. Ẹ má ṣáà bi wọ́n lójú ìyàwó.

Gbàjámọ̀ Sángo

Saikọ́, àbúrò mi, mo gbọ́ ẹ, àmọ́ mi ò ṣe é. Oníbàárà tó bá mọ̀ pé mò ń fi ìwé tẹ̀lé ohun tó ń rò nígbà tó jókòó sórí àga mi, ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nísàlẹ̀ mi ló máa gbà lọ, òun á sì fi ẹgbẹ̀rún kan dín in kù fún un. Yàtọ̀ síyẹn, kò sí ẹni tó máa jẹ́ kí n gẹ̀ òun tán kó má wo dígí. Wọ́n máa ní mo ti ba àwọn lórí jẹ́ ni. Ẹ gbé ìwé yín lọ sí Òjé lọ́dọ̀ Mọ̀mí.